Òkúta Kẹta

Láti Àbújá ni nǹkan náà ti ń dún lẹ́yìn ọkọ̀. Bí táyà bá bọ́ sínú kòtò, yóò dún gbú. Bí a bá gun gegele tí wọ́n mọ sójú títì níwájú ilé ẹ̀kọ́, yóò dún gbú-gbú. Káyọ̀dé, ọmọ mi, ló ń wa ọkọ̀. Ẹnjiníà ni, ẹnjiníà kì í sì í gbọ́ ìró kí ó má fún un lórúkọ. Ó ní ṣọ́ọ̀kì ni. A yà ní Lọ́kọ́ja, mẹkáníìkì kan wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó ní òótọ́ ni, ṣọ́ọ̀kì ni, ó sì pààrọ̀ rẹ̀. A dé Kábà, ó ṣì ń dún. Mẹkáníìkì ti Kábà ní ẹni tó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì yẹn kò kọ́ṣẹ́ dé ìdí, ó ní bọ́ọ̀ṣì ló ti jẹ, ó yọ ọ́, ó fi òmíràn sí i. Ní Ìlọrin, níbi tí a sùn mọ́jú, ẹ̀kẹta gbé etí lé ara ọkọ̀ bíi dókítà, ó mi orí, ó sì dá orúkọ irin kan tí mo fura pé ojú ẹsẹ̀ níbẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ní gbogbo àkókò yìí, mo jókòó níwájú, mo ń wo igi tó ń sá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn.

Mo mọ ohun tó ń dún. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀. Òkúta ni.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ da ọmọ mi láàmú. Ìtìjú ló dí mi lẹ́nu. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pé kí wọ́n má ṣe kọ àṣà wọn sílẹ̀, mo sì máa ń sọ ọ́ dáadáa, nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Ṣùgbọ́n láti sọ fún ọmọ tí mo bí pé mo di òkúta ààrò kan sínú ìró àtijọ́, pé mo sì ń gbé e lọ sílé tuntun tí mo ń fẹ̀yìn tì sí ní Èrúwà, níbi tí òkè àti àpáta pọ̀ ju ilé lọ, ẹnu mi kò gbà á. Pàápàá nítorí kìṣìnì. Olóògbé ọkọ mi, ọmọ Èrúwà, ló ra ilẹ̀ náà, èmi ló kọ́ ilé sí i, ṣùgbọ́n Káyọ̀dé ló ṣètò kìṣìnì. Ó ra sítófù gáàsì olójú mẹ́fà tó ń dán bíi bàtà sójà. Opó kan ṣoṣo, ojú iná mẹ́fà. Ó ní ohun tó tọ́ sí mi nìyẹn.

Bí òkúta náà ti ń dún gbú lẹ́yìn wa, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé mi padà sórí lọ́rì kan tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò lè bá pàdé mọ́, lọ́rì onígi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ Bíbélì sí níwájú, tí wọ́n sì kọ ìhàlẹ̀ sí lẹ́yìn.

Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí. Tíṣà ni Bàbá mi níbẹ̀. Ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, lẹ́tà dé pé wọ́n ti fi í ṣe hẹdimásítà ilé ẹ̀kọ́ kan ní Igbó-Ọrà, ìlú kan ní ilẹ̀ Ìbàràpá tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà náà ti dé, bí Bàbá ṣe ń wúkọ́ pàápàá yí padà. Ó lọ rán kóòtù tuntun, aláwọ̀ dúdú, tó nípọn fún òtútù Jọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tó sọ fún un nípa oòrùn Ìbàràpá. Ó kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ojú ìwé mẹ́rin, èyí tí yóò kà fún ìgbìmọ̀ tí yóò wá pàdé wa. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ìgbìmọ̀ kan wà. Lálaalẹ́ ni ó ń kà á sí dígí létí, Màmá a sì máa ṣa ẹ̀wà lọ, a máa ṣe "hẹn-ẹn" níbi tí ó bá dánu dúró.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ní òun fẹ́ kó ní tòun, òkúta ààrò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní a kò ní gbé ẹrù kankan wọ ilé tuntun àfi tí òun bá kọ́kọ́ dáná lórí wọn, tí a sì jẹun. Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ìyá Délé, gbígbé òkúta lọ sí Ìbàràpá, bí ìgbà tí èèyàn ń pọnmi lọ sódò ni." Délé ni ẹ̀gbọ́n mi, tí a fi sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń gbé inú ọgbà. Màmá kò bá a jiyàn. Ó ní ilé tí a kò tíì dáná nínú rẹ̀, àlejò la jẹ́ níbẹ̀, òun kò sì fẹ́ ṣe àlejò nínú ilé ara òun.

Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ìyá rẹ̀ ló to òkúta yẹn nígbà tó wá tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn ìbí mi. Orí wọn ni omi tí wọ́n kọ́kọ́ fi wẹ̀ mí ti gbóná. Màmá àgbà sì ti kú ní ọdún tó ṣáájú, láìsí pé a lè dé ibi ìsìnkú rẹ̀ bọ́ sákòókò. Màmá fi ọkọ́ wú òkúta náà, ó fọ èéfín ara wọn díẹ̀, kò fọ̀ ọ́ tán, ó di wọ́n sínú ìró kan, ó sì gbé wọn tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ẹrù.

Ó ní, "Ojú rẹ ni mo fi wọ́n sí."

Bàbá àti Màmá jókòó níwájú pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà. Èmi àti adìyẹ méjì wà lókè mátíráàsì lẹ́yìn. A gba Kàdúná, a sùn lọ́nà, a gba orí afárá Jẹ́bà kọjá ní ọjọ́ kejì, mo sì rí odò tó fẹ̀ débi pé mo rò pé ayé ti parí. Kò pẹ́ lẹ́yìn ibẹ̀ ni a kan gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan. Dẹ́rẹ́bà wa, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ará Ògbómọ̀ṣọ́, a máa gbàdúrà kí ó tó gun òkè èyíkéyìí, mo sì rò pé ìgbàgbọ́ ni, àfi ìgbà tí mo mọ̀ pé búréèkì ni. Ní ìdajì òkè, ẹ́ńjìnì kú. Lọ́rì dúró, ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀.

Igi tí dẹ́rẹ́bà fi ń há táyà, ó ti gbàgbé rẹ̀ sí Jẹ́bà, níbi tó ti jókòó lé e jẹ ẹja. Ó na orí jáde, ó ń kígbe pé kí wọ́n wá òkúta wá. Màmá bọ́ sílẹ̀, ó sáré lọ sí ìsàlẹ̀ òkè, ó ń ju gèlè rẹ̀ kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lè dúró. Bàbá bọ́ sílẹ̀ nínú kóòtù, ó gbé ọwọ́ méjèèjì ti lọ́rì bí ẹni pé òun ni búréèkì, ó tún fi í sílẹ̀, ó ń wá òkúta kiri nínú koríko. Kò sí òkúta kankan. Ó gbójú sókè, mo gbójú sísàlẹ̀, a jọ wo ìró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo tú u. Mo mú èyí tó kéré jù, mo jù ú sílẹ̀ fún un, ó sì fi há táyà. Lọ́rì náà gùn ún díẹ̀, ó rò ó wò, ó dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rìn ní ọ̀nà Nàìjíríà mọ ohun tó kù. Dẹ́rẹ́bà tó bá tún ọkọ̀ ṣe tán lórí òkè kì í bojú wẹ̀yìn wo òkúta tó gbà á là. Ẹ́ńjìnì bú, ó ní kí gbogbo wa wọlé kíákíá kí ó tó yí ọkàn padà, a sì lọ. A ti rìn jìnnà kí n tó rí i pé ìró náà ti fúyẹ́. Mo fi ọwọ́ gbá orí ibi tí wọ́n jókòó sí níwájú títí ọwọ́ fi dùn mí. Kò sí ẹni tó gbọ́.

Nígbà tí a dúró ní Ìlọrin láti jẹun, mo fa Bàbá sẹ́yìn lọ́rì, mo sọ fún un. Ẹ ò bá rí ojú rẹ̀. Ọkùnrin tó ti fi òkúta náà ṣe yẹ̀yẹ́ láti Jọ́ọ̀sì wá wò mí bí ẹni tí owó ìjọ ti sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ dẹ́rẹ́bà pé kí a padà. Dẹ́rẹ́bà ní bí ìyá tó bí òun ló wà lórí òkè yẹn, ẹsẹ̀ ni yóò fi sọ̀kalẹ̀. Bàbá wá ronú bíi hẹdimásítà. Ó tú àpótí rẹ̀, ó yọ áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, ó di í mọ́ àárín òkúta méjì tó kù, ó gbé ìró náà wò bóyá ó wúwo tó.

Ó ní, "Má sọ nǹkan kan fún ìyá rẹ. Nígbà tí a bá dé, màá ṣàlàyé."

A dé Igbó-Ọrà ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, òjò sì ti ṣú sójú ọ̀run. Ìgbìmọ̀ tó wá pàdé wa jẹ́ ewúrẹ́ mẹ́ta lórí fàráńdà ilé náà. Wọ́n dìde fún wa, ìyẹn náà ni mo lè sọ. Bàbá dúró síwájú wọn nínú kóòtù tó ti rún bí ewé gbígbẹ, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ̀ wà nínú àpò, áyọ́ọ̀nù tí ì bá fi lọ kóòtù náà sì wà níbi tí kò ti gbọdọ̀ mú un. Dẹ́rẹ́bà kó ẹrù sílẹ̀ sójúde, mátíráàsì, àwo, àpótí ìwé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Màmá ní kí n gbé ìró náà wá. Lójijì ni ó di pé Bàbá fẹ́ lọ wo òrùlé ilé ẹ̀kọ́.

Màmá ní, "Ẹ dúró ná, Bàbá Délé."

Ó tú ìró. Òkúta kan. Òkúta méjì. Ó wo ẹ̀kẹta fún ìgbà díẹ̀, ó wo Bàbá, ó wò mí.

Ó ní, "Áyọ́ọ̀nù."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ àlàyé lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó rí i pé kò ní dé ibì kankan, ó yà sí Yorùbá, ibẹ̀ náà kò gbà á. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì ń sunkún débi pé adìyẹ méjèèjì sá. Mo ń dúró de ìgbájú. Màmá kò na ọwọ́. Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ṣé lọ́rì náà dúró?"

"Ó dúró, mà."

Ó yí ojú sí ọ̀nà tí a gbà wá, ó pẹ́ kí ó tó yí i padà. Ó ní, "Ìyá mi náà ì bá fún un." Lẹ́yìn náà ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ di ojú ilẹ̀kùn. Ó ní ààrò mẹ́ta ni kì í da ọbẹ̀ nù, òun kò tíì gbọ́ ti méjì rí. Kí Bàbá Délé lọ wá ẹ̀kẹta wá, ẹrù kankan kò ní kọjá lórí ẹsẹ̀ òun. Àrá sán. Bàbá wo àpótí ìwé rẹ̀ níta, ó wo ojú ọ̀run, ó sì jáde lọ wá òkúta.

Báyìí ni ìlú Igbó-Ọrà ṣe kọ́kọ́ rí hẹdimásítà tuntun: nínú kóòtù àti táì, lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bá àpáta kan jà lẹ́bàá ọ̀nà, àpáta tó jẹ́ pé ìka rẹ̀ lásán ló yọ síta, gbogbo ara rẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí ó fi fẹ̀yìn tì, Tíṣà Olókùúta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn. Obìnrin tó ń gbé nílé kejì sí wa ló rí i níbẹ̀. Ìyá Ìbejì ni orúkọ rẹ̀, bí ẹ bá lè pe ìyẹn lórúkọ ní ìlú tó jẹ́ pé bí o bá pe Ìyá Ìbejì lójú pópó, obìnrin mẹ́rin ni yóò dá ọ lóhùn. Ó bèèrè ohun tó ń wá. Bàbá ṣàlàyé pẹ̀lú ọlá. Ìyá Ìbejì gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ó ní, "Tíṣà, wọn kì í ṣa òkúta ààrò lójú ọ̀nà. Òkúta tí kò mọ iná rí, yóò bẹ́ mọ́ yín lójú ni."

Ìwé tí Bàbá kà kò sọ ìyẹn fún un. Ìyá Ìbejì wọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ. Ààrò méjì ló ní, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ló bí ìbejì, ẹnu wọn sì pọ̀. Ó yọ òkúta kan nínú ààrò kejì, ó ṣì ń gbóná, ó fi ewé ìrókò ká òṣùká rẹ̀ nípọn, ó gbé e rù, ó fi ọwọ́ kejì gbé ògúnná sórí àpáàdì, ó sì ń bọ̀, Bàbá ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Ó kí Màmá kú ewu ọ̀nà, kò bèèrè orúkọ rẹ̀, ó to òkúta náà mọ́ tiwa ní ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Méjì tiyín, ọ̀kan tiwa."

Igi wà, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ti mú koríko, iná kò ràn. Ìyá Ìbejì bèèrè bóyá ìwé wà. Gbogbo wa wo Bàbá. Ó fi ọwọ́ sí àpò kóòtù, ó yọ ojú ìwé mẹ́rin náà, ó ka ìlà àkọ́kọ́ sínú fún ìgbà ìkẹyìn, ó sì nà án sí Màmá. Mo lè búra pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Bàbá kọ láyé rẹ̀, kò sí èyí tó tètè gbiná tó bẹ́ẹ̀. Iṣu ni a sè. Òkúta Ìbàràpá ga ju ti Jọ́ọ̀sì lọ, ìkòkò náà sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n kò dànù. Ìyá Ìbejì fi ọbẹ̀ ilásà, ọbẹ̀ ewé ilá, tì í, èyí tí n kò jẹ rí, tó ń yọ́ gba ọ̀nà ọ̀fun láì dúró kí ènìyàn. Nígbà tí a jẹ òkèlè kọ̀ọ̀kan tán, Màmá dìde kúrò lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo wa sì sáré kó ẹrù wọlé. Ohun kan ṣoṣo tí òjò bá níta ni áyọ́ọ̀nù náà, tí kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ kí wọ́n rí òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì kò gba òkúta rẹ̀ padà mọ́. Òun àti Màmá jọ dáná, jọ jà, jọ parí ìjà, títí a fi dàgbà. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó mi, nígbà tí àwọn ará ilé ọkọ ń ka ìkòkò àti àwo, Màmá di nǹkan kan fún mi sínú ìró. Mo rò pé yóò fún mi ní ọ̀kan nínú òkúta Màmá àgbà. Ti Ìyá Ìbejì ló fún mi. Ó ní, "Èyí mọ bí wọ́n ṣe ń gba àlejò."

Òun ló ń dún gbú lẹ́yìn ọkọ̀ Káyọ̀dé.

A dé Èrúwà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. A kó ẹrù sílẹ̀, èmi fúnra mi gbé ìró mi gba ẹ̀yìnkùlé, Káyọ̀dé sì mú mi wọ kìṣìnì láti fi ọ̀làjú hàn mí. Ó tan sítófù. Kò tàn. Ó wò ó níwá, ó wò ó lẹ́yìn, ó wá rántí pé irin kékeré tí wọ́n fi ń so ọ̀pá gáàsì mọ́ orí sìlíńdà wà lórí tábìlì ní Àbújá. Ẹni tó ń tà á ní àdúgbò ti lọ síbi ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Káyọ̀dé yọ fóònù, ó ní kí wọ́n fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ wá. Fóònù náà ronú, ó ní kò sí ibi tó jọ ọ́ nítòsí. Ebi ń pa wá. Mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo tú ìró.

Ó wo òkúta. Ó wo ọkọ̀. Ó wò mí.

"Mọ́mì."

"Mo ń gbọ́."

"Láti Àbújá?"

"Láti Àbújá."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn kìṣìnì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń dárúkọ àwọn mẹkáníìkì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ẹ̀rín. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, mo ní ó ku méjì, kí ó má sì ṣe ṣà á lójú ọ̀nà, èyí tó ti mọ iná ni kó lọ tọrọ. Ó wọ bàtà funfun rẹ̀, ó lọ sílé kejì. Kò pẹ́ tó fi ń ti bárò bọ̀, òkúta dúdú méjì nínú rẹ̀, ìyàwó tíṣà pólì tó ń gbé níbẹ̀ sì ń bá a wí lẹ́yìn, pé báwo ni ìyá rẹ̀ yóò ṣe dé, tí Káyọ̀dé yóò máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣe àlàyé òkúta, dípò kó sọ pé Màmá dé. Ìyá Ṣadé ni wọ́n ń pè é. Ó ní gáàsì ni àwọn náà ń lò, òkúta yẹn wà fún ọjọ́ tí èrò bá pọ̀. A to wọ́n. Ọ̀kan tiwa, méjì tiwọn. Ìwé ìlànà sítófù náà, tí wọ́n kọ ní èdè mẹ́fà tí Yorùbá kò sí nínú wọn, ni a fi ràn án.

Ẹ má rò pé èéfín ń wù mí. Àwọn tó ń yin ìdáná àtijọ́ ní ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé kò fẹ́ iná rí láyé wọn. Nígbà tí irin gáàsì dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tan ojú kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, inú mi sì dùn. Bàbá ti lọ, Màmá ti lọ, Ìyá Ìbejì náà ti lọ. Lọ́rì onígi ti di igi ìdáná. Ìgbàkigbà tí mo bá gba Jẹ́bà, mo ṣì máa ń wo ẹ̀bá òkè yẹn, bí ẹni tó fi ènìyàn sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ilé tí mo kó dé tí nǹkan kan kò dín nínú ẹrù mi, n kò sì tíì rí èyí tí ẹni tó wà nílé kejì kò ní i.

Ní ọjọ́rú ni Káyọ̀dé padà sí Àbújá. Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò gbéyàwó, òun àti ìyàwó rẹ̀ yóò sì kó lọ sílé tuntun tiwọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí n kò fi rí ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sán, fóònù dún.

Ó ní, "Mọ́mì, mo wà ní Ìlọrin. Ó tún ti ń dún o."

Mo ní kí ó má fi han mẹkáníìkì kankan. Mo gbọ́ tó ṣílẹ̀kùn, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ sẹ́yìn ọkọ̀, mo gbọ́ tó ń tú ìró. Nígbà tó padà wá sórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Méjì ló kù lọ́wọ́ yín."

Mo wo ìta láti ojú fèrèsé. Ìyá Ṣadé ń ti bárò bọ̀, òkúta kan wà nínú rẹ̀. Mo sọ fún ọmọ mi pé kí ó rọra máa wa ọkọ̀, pé mo ní aládùúgbò.